Ṣé kí n san gbèsè tẹ́tẹ́ ọkọ mi lẹ́ẹ̀kan sí i?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mò ń gbé, oúnjẹ ni mò ń tà, tíṣà ìjọba lọkọ mi, Ọlọ́run sì fi ìbejì ta wá lọ́rẹ. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ọkọ mi ti ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù lórí fóònù. Wọ́n ti ta jẹnẹrétọ̀ wa, wọ́n ti yáwó ní kọpuréétíìfù, wọ́n kó owó àjọ mi tí mo tọ́jú sínú àpótí, ní báyìí áàpù mẹ́rin tó ń yáni lówó ló ń pe gbogbo èèyàn tí nọ́ńbà ẹ̀ wà lórí fóònù wọn pé olè ni wọ́n, kódà wọ́n pe ọ̀gá sukúù, wọ́n tún ní àwọn máa kó ọlọ́pàá wá. Gbogbo ẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀. Mo ti bá wọn san gbèsè lẹ́ẹ̀mejì rí, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n sunkún tí wọ́n fi Kùránì búra. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní London ti gbà láti fowó ránṣẹ́ ká lè pa gbèsè yìí rẹ́ pátápátá. Ṣé kí n gbà á? Mo ṣì fẹ́ràn ọkọ mi, àmọ́ mi ò mọ ẹni tí wọ́n jẹ́ mọ́.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú o, ẹ kú àfaradà. Màá dá yín lóhùn kí n tó ṣàlàyé torí mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n yín ń retí èsì. Rárá, ẹ má gba owó yẹn láti fi san gbèsè báyìí. Mi ò ní kí gbèsè má di sísan o, ohun tí mò ń sọ ni pé kì í ṣe báyìí, kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà látọwọ́ ẹlòmíì. Ó pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ àti ìyàwó wọn àti ìyá wọn jókòó lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ohun tí mo sì máa ń rí jù ni pé ọjọ́ tí ẹbí bá san gbèsè tán gan-an lẹni náà máa ń rí ààyè padà sídìí ẹ̀, torí áàpù tó kọ̀ láti yá a lówó lánàá á tún gbà láti yá a lónìí, ara á tù ú, á wá máa rò ó pé òun á ṣe é pẹ̀lú ọgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ wo ẹ̀ẹ̀mejì tẹ́ ẹ ti san, ṣé kì í ṣe bó ṣe rí nìyẹn?

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ń ṣe Bàbá Ìbejì, torí tẹ́ ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ óò máa rò pé wọn ò fẹ́ràn yín ni, àbí pé àwọn ará ilé wọn ló ń ṣe wọ́n. Àìsàn ni. Ní 1980 làwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé àìsàn wọn, nígbà yẹn ẹ̀gbẹ́ àwọn tí ọwọ́ wọn máa ń yá láti jalè láìnídìí àti àwọn tó máa ń dáná sun nǹkan ni wọ́n tò ó sí. Nígbà tó di 2013 wọ́n yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọtí àti kokéènì, torí ohun tí wọ́n ń rí nínú ọpọlọ àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ àti nínú ìwà wọn jọ ti ẹni tí ọtí ti mú lẹ́rú gan-an. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ti fi sínú ìwé àìsàn tiẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022. Àmì mẹ́sàn-án ni dókítà máa ń wò, tí mẹ́rin bá ti pé láàárín ọdún kan, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní eré nìyẹn: kí tẹ́tẹ́ gba gbogbo ọkàn èèyàn, kó máa fi owó tó ń pọ̀ sí i ta kó tó dùn mọ́ ọn, kó gbìyànjú láti jáwọ́ kó má lè ṣe é, kó máa kanra tí ò bá rí i ta, kó máa sá lọ sídìí ẹ̀ tínú ẹ̀ bá bàjẹ́, kó máa lé owó tó ti sọnù, kó máa parọ́, kó fi iṣẹ́ àbí ìgbéyàwó ẹ̀ wewu, èyí tó gbẹ̀yìn wá ni kó máa retí pé káwọn ẹlòmíì fowó gba òun sílẹ̀. Ẹ tún lẹ́tà yín kà, ẹ máa rí i pé ẹ fọwọ́ ara yín kọ márùn-ún àbí mẹ́fà nínú wọn. Ẹ wá wo èyí tó gbẹ̀yìn yẹn dáadáa. Owó tí ẹ̀gbọ́n yín fẹ́ fi ránṣẹ́ tìfẹ́tìfẹ́, ara àmì àìsàn náà ni. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ má gbà á nìyẹn.

Mo mọ̀ pé wọ́n á ti sọ fún yín rí pé "gèémù kan péré ló gé tíkẹ́ẹ̀tì mi". Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yẹn ló ń pa wọ́n. Ká ní tíkẹ́ẹ̀tì náà ní gèémù mẹ́wàá tí gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé kó tó jẹ, tí gèémù kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ àbájáde méjì tó dọ́gba, èyí tó bá wù ú ló lè ṣẹlẹ̀. Tí ilé tẹ́tẹ́ ò bá fẹ́ jẹ èrè kankan, odds 2.00 (ìyẹn ìlọ́po tí wọ́n máa fi san owó téèyàn bá jẹ) ló yẹ kó wà níbẹ̀, àmọ́ 1.85 lẹ máa bá, ó máa dà bí ẹni pé ìyàtọ̀ kékeré ni. Tẹ́ ẹ bá ń fi 1.85 sọ owó náà di púpọ̀ lórí gèémù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ₦100 máa di nǹkan bíi ₦46,960 tí gbogbo ẹ̀ bá wọlé. Ta ni irú owó bẹ́ẹ̀ ò ní wọ̀ lójú? Àmọ́ nínú irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ 1,024, ẹyọ kan ṣoṣo lèèyàn lè máa retí pé kó wọlé. Tíkẹ́ẹ̀tì 1,024 ní ọgọ́rùn-ún náírà, ọgọ́rùn-ún náírà, ₦102,400 nìyẹn, èyí tó máa padà sílé ò tó ₦47,000. Ilé tẹ́tẹ́ ti jẹ ju ìdajì lọ láìṣe èrú kankan. Ti Bàbá Ìjẹ̀bú táwọn àgbà ń ta náà ò yàtọ̀: nọ́ńbà márùn-ún ló ń jáde nínú 90, ẹni tó bá mú nọ́ńbà méjì, àǹfààní tó ní kí méjèèjì jáde jẹ́ ẹyọ kan nínú nǹkan bí 400, àmọ́ ìlọ́po 240 ni wọ́n ń san.

Kẹ́ ẹ wá gbọ́ èyí. Nínú tíkẹ́ẹ̀tì 1,024 yẹn, mẹ́wàá ló máa já lórí gèémù kan ṣoṣo. Ìyẹn ni pé "gèémù kan péré" máa ṣẹlẹ̀ sí wọn lọ́nà mẹ́wàá kí wọ́n tó jẹ ẹ̀ẹ̀kan. Bí nǹkan náà ṣe rí látilẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe pé oríire ti ń sún mọ́lé. Ọpọlọ ni ò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 2009 àwọn olùṣèwádìí ní Cambridge fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ àwọn èèyàn nígbà tí wọ́n ń ta tẹ́tẹ́, wọ́n rí i pé téèyàn bá pàdánù àmọ́ tó kù díẹ̀ kó jẹ, ibi tó máa ń dáhùn nínú ọpọlọ nígbà téèyàn bá jẹ ló tún máa ń dáhùn, ó sì máa ń mú kó túbọ̀ wù ú láti ta sí i. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá rí Bàbá Ìbejì tí inú wọn ń dùn lórí tíkẹ́ẹ̀tì tó já, orí wọn ò dàrú, ọpọlọ wọn ti ka ìpàdánù sí èrè ni. Ẹ tún wá fi fóònù kún un. Láyé àwọn bàbá wa tó ń ta púùlù, wọ́n á dúró di ọjọ́ Sátidé kí èsì tó jáde. Bọ́ọ̀lù gidi ṣì ń gba àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Àmọ́ àwọn eré ayára yìí, fáṣùà, ajá, ọkọ̀ bàálù tó ń gbéra lójú fóònù, kò tó ìṣẹ́jú kan ó ti parí, òmíràn ti bẹ̀rẹ̀, ẹ sì ti sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà nígbà tí owó oṣù ń lọ. Tí wọ́n bá sọ pé bọ́ọ̀lù nìkan làwọn ń ta, ẹ fi pẹ̀lẹ́ bi wọ́n nípa àwọn eré alẹ́ wọ̀nyí, níbẹ̀ ni mo ti máa ń rí ibi tí owó ńlá bá lọ.

Ẹ ní ẹ ò mọ ẹni tí wọ́n jẹ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mí jù nínú lẹ́tà yín, dé ibi tí mo gbọ́ ọ dé, irọ́ ló máa ń ba ìgbéyàwó jẹ́ níbi tí tẹ́tẹ́ bá wọ̀ ju owó lọ. Owó àjọ lè padà. Àmọ́ obìnrin tó ti ń dìde láàárín òru láti wo fóònù ọkọ ẹ̀, tó ń ka owó inú pọ́ọ̀sì ẹ̀ kó tó lọ wẹ̀, tọ́kọ ní òun ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ tí kò gbà á gbọ́, ìyàwó ti di ọlọ́pàá nìyẹn, kò sì sí ìfẹ́ tó máa ń gbèrú níbẹ̀. Ọkọ náà á máa sá fún ojú yín, á ní ẹ ò gbàdúrà fún òun tó, àbí ẹ ti ń wo òun bí ọmọ kékeré. Ìyá ọkọ lè dá sí i pé wàhálà yín lórí owó ló lé ọmọ òun débẹ̀. Irọ́ ni, Ìyá Ìbejì. Ẹ̀yin kọ́ lẹ fà á, ẹ ò sì lè fi oúnjẹ aládùn tàbí sùúrù wò ó sàn.

Ẹkún tí wọ́n sun, mo gbà pé òótọ́ ni. Ìbúra náà, ó dá mi lójú pé wọ́n ní in lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é, wọ́n sì mọ̀ pé Súrà Al-Máídà ẹsẹ 90 ti dá tẹ́tẹ́ lẹ́kun pa pọ̀ mọ́ ọtí. Ṣùgbọ́n ìbúra ò lè di èèyàn mú ní agogo méjì òru tí owó bá wà lórí fóònù. Nítorí náà ẹ má gba ìbúra lọ́wọ́ wọn mọ́. ATM ni kẹ́ ẹ gbà.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn, kẹ́ ẹ dí ojú ibi tówó ń gbà jáde. Ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ látorí tiyín. Owó oúnjẹ tẹ́ ẹ̀ ń tà, ẹ má kó o sínú àpótí mọ́, àkáǹtì tí wọn ò mọ PIN ẹ̀ ni kó máa lọ, kẹ́ ẹ sì ti PIN síìmù yín pẹ̀lú. Rìsíìtì ilẹ̀ àti ìwé ilé, tó bá wà, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ṣeé fọkàn tán nínú ẹbí tiyín. Ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe gárántọ̀ fún wọn níbi kankan, ẹ ò gbọ́dọ̀ fún wọn ní BVN yín, bó ti wù kí wọ́n bẹ̀ tó. Owó sukúù àti owó ilé kò sì gbọdọ̀ wà lórúkọ wọn, torí láti 2020 ni CBN ti fún báǹkì láǹfààní láti gba owó tí wọ́n yáni padà láti inú àkáǹtì míì tí ajigbèsè bá ní, báǹkì yòówù kó jẹ́, BVN ló so gbogbo ẹ̀ pọ̀.

Èyí tó kù lọ́wọ́ wọn ló wà, ẹ ò lè fipá mú un, àmọ́ ẹ lè sọ pé láìsí i kò sí ìrànwọ́ kankan láti ọ̀dọ̀ yín. Kí owó oṣù wọn máa ti àkáǹtì wọn bọ́ sọ́dọ̀ yín àbí sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn kan lọ́jọ́ tó bá wọlé gan-an, kẹ́ ẹ máa fún wọn lówó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ. Kí wọ́n fi fóònù ńlá yẹn sílẹ̀ fún oṣù díẹ̀, kí wọ́n lo onítọ́ọ̀ṣì, kí síìmù tó so mọ́ báǹkì sì wà lọ́wọ́ yín, torí kódù lásán èèyàn lè fi ta tẹ́tẹ́. Kí wọ́n kọ̀wé sí ilé tẹ́tẹ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ní àkáǹtì sí pé kí wọ́n ti òun mọ́ta. Kéèyàn kàn yọ áàpù kúrò lórí fóònù, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan, ìṣẹ́jú méjì ló máa fi dá a padà. Ní Nàìjíríà látìgbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti dájọ́ ní November 2024, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣàkóso tẹ́tẹ́ tiẹ̀, nítorí náà ẹ má retí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa fi ti gbogbo ilẹ̀kùn. Tí fóònù ńlá ò bá ṣeé fi sílẹ̀ nítorí iṣẹ́, áàpù kan wà tó ń jẹ́ BetBlocker, ọ̀fẹ́ ni, ó máa ń dí àwọn ojúlé tẹ́tẹ́ pa. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bá wọn gbé e sórí ẹ̀.

Ní ti àwọn áàpù tó ń halẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀yin kọ́ lẹ yáwó, tẹ́ ẹ ò bá fọwọ́ sí nǹkan kan, gbèsè náà kì í ṣe tiyín. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020, abala 32, sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn tìtorí ẹ̀sùn tí kì í ṣe ìwà ọ̀daràn, irú bíi gbèsè lásán, tàbí àdéhùn tó yẹ̀. Pípè tí wọ́n ń pe ọ̀gá sukúù àti ará ilé láti ba èèyàn lórúkọ jẹ́, àjọ FCCPC, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ti kà á léèwọ̀ láti 2022 fún àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù. Ẹ ya fọ́tò gbogbo méséèjì, ẹ kọ nọ́ńbà àti ọjọ́ sílẹ̀, ẹ fi ẹjọ́ wọn sun àjọ náà. Kí Bàbá Ìbejì fúnra wọn lọ bá ọ̀gá sukúù kí wọ́n ṣàlàyé, ìtìjú ẹ̀ á pọ̀, àmọ́ látìgbà yẹn lọ kò sí ohun tí áàpù máa fi halẹ̀ mọ́ wọn mọ́.

Gbèsè fúnra ẹ̀, ẹ jókòó pẹ̀lú wọn, kí wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ sórí ìwé kan. Ẹ múra sílẹ̀, torí ó máa ń ju èyí tí wọ́n ti jẹ́wọ́ lọ. Mo máa ní kí ti kọpuréétíìfù ṣíwájú, torí àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ wọn tó ṣe gárántọ̀ ni wọ́n máa yọ owó lára wọn, àwọn yẹn ò sì mọwọ́mẹsẹ̀. Àwọn yòókù, kí wọ́n bá wọn dúnàá-dúrà, díẹ̀díẹ̀, látinú owó oṣù tiwọn. Tó bá gba ọdún méjì, kó gbà á. Ẹni tó bá fi owó oṣù ara ẹ̀ san gbèsè tẹ́tẹ́ lóṣooṣù mọ ohun tó ṣe lọ́nà tí ẹni tí wọ́n bá san tiẹ̀ nù lọ́jọ́ kan ò lè mọ̀ láé.

Wọ́n ní láti rí dókítà o. Ìbàdàn lẹ wà, ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní UCH ò jìnnà sí yín, bí ojú bá ń tì wọ́n láti jẹ́ kí ará àdúgbò rí wọn níbẹ̀, ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò wà l'Ábẹ́òkúta, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, dókítà ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1954 tó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ kọ́ ni wèrè. Ìtọ́jú tó ṣiṣẹ́ jù fún àìsàn yìí ni ìjókòó ọ̀rọ̀, tí wọ́n ń pè ní CBT, wọ́n á bá a tú ohun tó máa ń sáré wá sọ́kàn ẹ̀ palẹ̀ kó tó di pé ó mú fóònù, bíi "owó mi ni mo fẹ́ gbà padà", wọ́n á sì kọ́ ọ bó ṣe máa gba wákàtí tí ọkàn ẹ̀ bá ń fà síbẹ̀ kọjá. Dókítà lè fún àwọn kan ní naltrexone, oògùn tí wọ́n máa ń lò fún ọtí, kò sì pọn dandan fún gbogbo èèyàn. Kí wọ́n mú gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò lọ́wọ́ lọ, torí àwọn oògùn àìsàn Parkinson kan wà, bíi pramipexole, tó lè sọ ẹni tí kò ta tẹ́tẹ́ rí di ọ̀tatẹ́tẹ́, mo mọ̀ pé ìyẹn lè má kan Bàbá Ìbejì, àmọ́ ẹlòmíì tó ń ka èyí lè ní bàbá àgbà nílé. Ẹgbẹ́ Gamblers Anonymous náà wà, Los Angeles ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1957, wọ́n ń ṣe ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti àwọn ìyàwó àti ẹbí ń jẹ́ Gam-Anon. Ẹ wá tiyín lọ kódà bí wọ́n bá kọ̀ láti lọ.

Àfáà lè máa gbàdúrà, mi ò ní kẹ́ ẹ dá a dúró. Àmọ́ tí ẹnikẹ́ni bá bu owó ńlá lé yín fún ìtúsílẹ̀, ẹ dìde níbẹ̀, owó sukúù lẹ̀ ń gbé sílẹ̀ yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibí yìí. Gbèsè àti ìtìjú tó pọ̀ báyìí máa ń mú kéèyàn ronú láti pa ara ẹ̀, ìgbà tó sì léwu jù ni ìgbà tí àṣírí bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, ìyẹn ìgbà tẹ́ ẹ wà nínú ẹ̀ báyìí. Ẹ bi wọ́n lójú kojú, "Ṣé ó máa ń wá sí yín lọ́kàn pé kẹ́ ẹ kú?" Kò ní fi èrò náà sí wọn lórí, ó máa ń tù wọ́n lára pé ẹnì kan bi wọ́n ni. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, tàbí wọ́n dákẹ́, ẹ má fi àwọn nìkan sílẹ̀, ẹ kó oògùn ẹ̀fọn àti oògùn eku kúrò nílé, UCH lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ má dúró de ọjọ́ kílíníkì. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n ń na yín, ìmọ̀ràn mi yàtọ̀ pátápátá, ẹ kó ìbejì kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kúrò nílé náà.

Ṣé kẹ́ ẹ dúró tì wọ́n? Ẹ̀yin nìkan lẹ lè dáhùn ìyẹn. Mo ti rí àwọn tó jáwọ́ tí ilé wọn sì gún padà, mo tún rí obìnrin tó lọ tí mi ò sì dá a lẹ́bi. Ohun tí mo máa ń ní kí èèyàn wò ni ohun tí ọkọ bá ṣe nígbà tí kò sówó nínú ẹ̀ fún un: ṣé wọ́n gbé ATM sílẹ̀, ṣé wọ́n lọ sílé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, tí wọ́n bá tún ta á, ṣé àwọn fúnra wọn ló wá sọ fún yín. Ìṣubú máa ń wà, ẹ̀ẹ̀kan kì í sọ gbogbo iṣẹ́ di òfo, irọ́ tó bá tẹ̀ lé e ló yẹ kẹ́ ẹ fọkàn sí.

Kẹ́ ẹ wá fún ẹ̀gbọ́n yín lésì lálẹ́ òní. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ ka ohun tí mo kọ yìí fún wọn. Bí wọ́n bá ṣì fẹ́ ṣèrànwọ́, kí wọ́n san owó sukúù ìbejì tààrà sí àkáǹtì sukúù, kí wọ́n san owó kílíníkì fún oṣù díẹ̀, kí wọ́n sì tọ́jú èyí tó kù sọ́wọ́ ara wọn ní London. Tí oṣù mẹ́fà bá pé tí ATM ṣì wà lọ́wọ́ yín, tí Bàbá Ìbejì ń lọ sílé ìwòsàn, tí wọ́n sì ń fowó oṣù san gbèsè fúnra wọn, ẹ kọ̀wé sí mi ká jọ wo iye tó ṣẹ́ kù.